Bí Awọ Kò Bá Ká Ojú Ìlù

Bí ọ̀ràn owó bá le mọ́ ọmọ Yorùbá, ohun tí ó máa ń wí ni pé awọ kò ká ojú ìlù. Àwọn baba wa tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ iṣẹ́ awọ, wọ́n sì mọ iṣẹ́ ìlù. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta péré ni ó wà fún ẹni tí awọ rẹ̀ kéré: kí ó fa awọ náà títí yóò fi ya, kí ó lọ yá awọ ẹlòmíràn, tàbí kí ó gbẹ́ ìlù tí kò tóbi ju awọ rẹ̀ lọ. Ọ̀nà kìn-ín-ní àti èkejì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀mọ̀wé àti ọlọ́lá ìlú ń tọ̀ lóde òní. Ẹ̀kẹta ni àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lóṣù yìí, a ó sì gba ọ̀nà jíjìn dé ibẹ̀, nítorí láti ilẹ̀ Ọsirélíà ni àpẹẹrẹ wa yóò ti wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé, kí ni ó kan Yorùbá kan Ọsirélíà? Ọmọ kan tí ó ti ọwọ́ wa kẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Adelaide nísinsìnyí, ó sì máa ń kọ̀wé sí wa. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé ibẹ̀, wọ́n pe òun sí àsè, wọ́n sì ní kí òun mú àwo kan dání. Ọmọ wa fọ àwo tánganran kan mọ́ tónítóní, ó sì gbé e lọ lófìfo. Ìgbà tí ó wọlé ni ó rí i pé oúnjẹ ni olúkúlùkù bù sínú àwo tirẹ̀ wá. Kì í ṣe òun nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ti gbé àwo òfìfo lọ sí òde ní ilẹ̀ náà. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, a rò ó wò. Níbẹ̀, ojú kò ti onílé láti jẹ́ kí àlejò bá òun ru ẹrù àsè. Níhìn-ín ńkọ́? Ẹni mélòó nínú wa ni ó ti ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí ìnáwó ọjọ́ kan?

Ṣùgbọ́n ìwé mìíràn láti ọwọ́ ọmọ wa yìí ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ dókítà. Bí oúnjẹ alẹ́ bá tán, dókítà yìí a wọ inú àtíbàbà tí ó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, a tan iná, a sì mú awọ, òòlu àti abẹ́rẹ́. Ìgbànú, àpò owó, àkọ̀ ọ̀bẹ, okùn tí a fi ń fa ajá: ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń ṣe gbogbo wọn. Kì í tà wọ́n. Iṣẹ́ àfipawọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti máa ń ta ayò. Ọmọ wa bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́ òun, ó sì kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nínú bí a ti ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé eré ọmọdé ni. A ó fi ọ̀bẹ mímú gé awọ, a ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀, a ó sì fi òòlu dá ihò sí ojú ìlà náà ní ọgbọọgba. A ó fi ìda oyin pa òwú kí ó lè lágbára. Òwú kan ni, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ méjì ni, ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan. Ihò kan náà ni abẹ́rẹ́ méjèèjì yóò gbà kọjá, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì. Bí òwú bá já ní ojú kan, èyí tí ó ti ìhà kejì wá yóò ṣì di awọ mú. Rírán ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀: òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ kàn kọ́ ara wọn láàárín awọ ni, bí ọ̀kan bá sì já, ìyókù lè bẹ̀rẹ̀ sí tú. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe gàárì ẹṣin tí ó dára kò fi kọ abẹ́rẹ́ méjì sílẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn rírán, a ó fi omi díẹ̀ pa etí awọ, a ó fi igi dídán gbo ó títí yóò fi máa dán, a ó sì fi òróró pa á lára. Ìgbànú tí a bá ṣe báyìí lè bá ènìyàn dàgbà.

Níbo ni ọmọ wa ti rí awọ? Kò ra titun ní àkọ́kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Ọsirélíà, ìgbìmọ̀ ìlú máa ń yan ọjọ́ tí àwọn onílé yóò kó ẹrù ńlá tí wọn kò lò mọ́ sí iwájú ilé, kí ọkọ̀ lè wá kó o. Aládùúgbò kan ń gbé àga aláwọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán jáde. Ọmọ wa tọrọ rẹ̀, ó bọ́ awọ ara rẹ̀, ó sì rí ohun èlò tí ó tó o lò fún oṣù púpọ̀. Àpò obìnrin tí ó ti gbó ni ó rà ní ilé ìtajà àlòkù, ó tú u, ó sì fi kọ́ bí wọ́n ti ń rán an. Irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ aláàánú bíi Salvation Army àti St Vincent de Paul ni ó ń bójú tó púpọ̀ nínú wọn, èrè rẹ̀ sì ń lọ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn aláìní. Ọlọ́rọ̀ àti tálákà jọ ń wọ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi aṣọ bojú.

Kí a má ṣe rò pé àníjù ni ó kọ́ wọn ní èyí. Àìní ni ó kọ́ wọn. Kò sí ilẹ̀ ńlá tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀ tí ó gbẹ tó Ọsirélíà. Nígbà ọ̀dá gígùn tí ó parí ní nǹkan bí ọdún 2009, àwọn ènìyàn ń gbé korobá sí abẹ́ omi ìwẹ̀ kí wọ́n lè rí omi bu sí ìdí igi. Ní ọdún 1932, nígbà tí òwò gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí kò rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ìyá ń rán àpò ìyẹ̀fun àti àkísà pọ̀ di aṣọ ìbora tí wọ́n ń pè ní wagga. Ní ọdún 1942, nígbà ogun, ìjọba fi òṣùwọ̀n sí aṣọ, sí tíì àti sí ṣúgà.

Ní àkókò ìyàn iṣẹ́ yẹn ni R. M. Williams, tí a bí ní ọdún 1908, wà nínú aginjù ìhà gúúsù pẹ̀lú aya àti ọmọ. Arìnrìn-àjò ẹlẹ́ṣin kan tí wọ́n ń pè ní Dollar Mick ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ awọ. Nígbà tí ojú ń dun ọmọ rẹ̀, tí owó ìtọ́jú kò sì sí, iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni ó gbá mú; ẹ̀yìn ilé baba rẹ̀ ní Adelaide ni ó ti ń rán gàárì àti bàtà. Títí di òní ni bàtà tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lókìkí, ọkùnrin náà kò sì kú títí di ọdún 2003. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ilé-ìwé ni ó ti rí ọgbọ́n náà. Ẹni tí ayé kò kà sí ni ó kọ́ ọ, ojú kò sì tì í láti jókòó tì í.

Èyí mú wa dé orí ohun tí ó jẹ wá lógún jùlọ. Ọgbọ́n ọwọ́ kì í pẹ́ kú. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Ọsirélíà ti máa ń rán awọ ẹranko kékeré tí a ń pè ní pọ́sọ̀mù pọ̀ di agbádá nílá láti ayébáyé. Iṣan kangarúù ni òwú wọn, wọ́n sì ń fín ọnà ilẹ̀ wọn àti ìdílé wọn sí inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, wọ́n pín bùláńkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kì í gbé òjò dànù bí awọ; síbẹ̀, ó rọrùn láti gbà ju awọ rírán lọ, ilẹ̀ tí wọ́n sì ti ń dẹ pọ́sọ̀mù ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ péré nínú agbádá ìgbà náà ni ó kù, méjì nínú wọn sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Melbourne. Ní ọdún 1999 ni àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan láti inú ẹ̀yà wọn, Vicki Couzens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi ojú ara wọn rí i, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ lọ́tun. Nígbà tí eré ìdárayá Kọmọnwẹ́lìtì wáyé ní Melbourne ní ọdún 2006, àwọn àgbà wọn tún gbé irú agbádá náà wọ̀ ní gbangba. Òfin ti dáàbò bo pọ́sọ̀mù ní Ọsirélíà, nítorí náà láti New Zealand, níbi tí ẹranko náà ti di ajẹnirun, ni wọ́n ti ń ra awọ rẹ̀. Ẹ wo làálàá tí ó wà nínú wíwá ohun tí a ti sọ nù!

Ọ̀gbẹ́ni kan, Ron Edwards, tí ó kú ní ọdún 2008, kò dúró di ìgbà tí yóò sọ nù. Ó tọ àwọn darandaran àti àwọn oníṣẹ́ awọ inú ìgbẹ́ lọ, ó wò bí wọ́n ti ń hun pàṣán àti ìjánu, ó yà á ní àwòrán, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìlú ńlá tí kò mọ darandaran kankan fi lè kọ́ ọ nínú àtíbàbà rẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ọ̀yọ́ kò ṣe àlejò iṣẹ́ awọ. Gàárì, tìmùtìmù, àkọ̀ idà, làbà Ṣàngó: gbogbo rẹ̀ ni àwọn oníṣọ̀nà ibẹ̀ ti ṣe, tí ojú rí, tí ẹnu kò lè sọ tán. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti kálámù, kí ó kọ bí wọ́n ti ń gé e, bí wọ́n ti ń pa á láró, àti orúkọ tí wọ́n ń pe ọnà kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan lè ní in lọ́wọ́? Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwa ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n sọ yàrá iṣẹ́ ọwọ́ di ibi tí a ń kó àga fífọ́ sí. Ní ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń rán bàtà ara rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní olùkọ́ ni ó wá kọ́ àbí aránbàtà? Ó dùn wá pé àwa pẹ̀lú kò bá wọn wí tó bí ó ti yẹ.

Àwọn kan yóò wí pé ìwà ahun ni a ń kọ́ ènìyàn. Rárá o. Ahun ń fi owó pamọ́ fún owó. Ẹni tí ó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ń fi í pamọ́ fún ohun tí ó tóbi jù ú lọ. Àwọn mìíràn yóò wí pé bí ọ̀mọ̀wé bá ń rán àpò, kí ni aránpò yóò jẹ? Ìdáhùn wa ni pé ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ìgbànú kan, tí òòlu ti gún un lẹ́ẹ̀mejì, kò tún ní na oníṣọ̀nà ní ọjà ìyà mọ́. Yóò mọ ìdí tí iṣẹ́ dáradára fi gbówó lórí. Àwa kò sì ní fi ara pamọ́ fún òtítọ́: iṣẹ́ àfipawọ́ pàápàá lè di ìnákùúnà. Ọmọ wa jẹ́wọ́ pé owó tí òun fi ra irinṣẹ́ ní ọdún kan ì bá ra ìgbànú mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni òòlu kan, abẹ́rẹ́ méjì àti ọ̀bẹ kan ni òun ń lò nínú gbogbo rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń wí pé kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó wà nílé.

Kí ni a ń bẹ̀ yín sí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa? Èkíní, kí olúkúlùkù wa, kí ọdún tó yípo, fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ohun èlò aláwọ kan ṣe, ìbáà ṣe okùn bàtà. Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa rán ọ̀dọ́ olùkọ́ méjì sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́, kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa. Kí a san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbà náà gẹ́gẹ́ bí a ti ń san án fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olóyè wa, nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìwúyè, ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn tí ẹ ó fún àlejò jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa, kí ó kéré, kí ó sì dára, ju kí ó pọ̀ kí ó sì jẹ́ ti gbèsè.

Ohun tí ènìyàn bá mọ̀ ọ́n tún ṣe, kì í yá a lára láti jù ú nù. Iṣẹ́ tí ọwọ́ púpọ̀ bá sì mọ̀, kì í pa run. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Bí awọ kò bá ká ojú ìlù, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fà á ya. Ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ ìlù tí ó wọ̀n fún un, kí a sì lù ú kí ó dún.