Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Kéré Jù Ló Ń San Jù

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ọjà ọjọ́ Àìkú tí wọ́n pè ní Oúnjẹ Èkó sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ta ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrí, ẹyin àti ata pẹ̀lú ẹ̀dínwó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó dára, a sì kí wọn. Àmọ́ ọjà ọjọ́ Àìkú nìkan kò lè tó ìdílé tó ń ra oúnjẹ òòjọ́ ní agolo-agolo.

Ẹ wo Makoko, àdúgbò orí omi ní Èkó. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń yan ẹja tà. Ẹ̀fọ́, tòmátì àti èso ni ọwọ́ wọn kì í tó. Tòmátì tó ti Kánò wá á rin nǹkan bí 1,000 kìlómítà nínú apẹ̀rẹ̀ kó tó dé ọjà Máìlì 12 ní Èkó, èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì ti fọ́. Owó èyí tó bàjẹ́, owó epo ọkọ̀, owó alágbàrù, orí èyí tó kù ni aláròóbọ̀ ń kó gbogbo rẹ̀ lé. Nígbà tó bá fi máa wọ inú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Makoko, ó ti di ọ̀wọ́n gógó. Ohun tó ń dùn wá jù nìyí: ìyá tí kò rí ẹ̀fọ́ tàbí ẹyin rà yóò fi gààrí lásán bọ́ ọmọ, ikùn ọmọ á kún, ara rẹ̀ ò ní dàgbà bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ kí àpótí ike rọ́pò apẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ọjà ẹ̀dínwó lọ sí etí omi láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fi àbójútó ọjà sí ìkáwọ́ yín. Ẹ má dúró de ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alausa.