Ta Ló Ní Ká Má Tún Àlọ́ Pa?

"Ìwọ akọ̀ròyìn yìí, ṣé àlọ́ àwọn baba wa lo wá ń bà jẹ́ báyìí? Níbo lo ti rí agbárí tó ń wa jíìpù?"

Ẹnu bàbá onílé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Iná ti lọ, ooru mú, gbogbo wa gbé àga jáde síwájú ilé. Èmi wá rò ó pé àsìkò tó kí n ka orí kan fún wọn nínú ìwé ìtàn tí mo ń kọ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ọmọ mi ń fi fóònù tan iná sí ìwé, mo ń kà. Mi ò tíì kà dé ìdajì tí Bàbá fi dá mi dúró. Àwọn ayálégbé méjì sì ń mi orí pé òótọ́ ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá wa dá sí i. Ẹ mọ àlọ́ náà: ọmọbìnrin arẹwà kan kọ gbogbo ọkùnrin ìlú, ó ní kò sí èyí tó tó òun í fẹ́. Ó di ọjọ́ ọjà, ó rí àjèjì kan tó gún régé látòkèdélẹ̀, ló bá tẹ̀ lé e. Àṣé gbogbo ẹ̀yà ara ọkùnrin náà, yíyá ló yá wọn. Bí wọ́n ti ń lọ ló ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ni wọ́n, títí ó fi ku agbárí lásán.

Nínú ìwé tèmi, ọmọbìnrin náà ń dirun fún àwọn èèyàn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọkùnrin náà wá pẹ̀lú jíìpù, aago wúrà àti fóònù mẹ́ta. Ní Akówọnjọ, ó dá jíìpù padà fún ẹni tó háyà rẹ̀ fún un. Ní Dọ̀pẹ̀mú, ó bọ́ aṣọ àti aago. Ní Ìyànà Ìpájà, ó dá ohùn dídùn rẹ̀ padà. Kí wọ́n tó dé Abúlé Ẹ̀gbá, ojú àti ẹsẹ̀ ti lọ, agbárí ló kù tó ń yí gbirigbiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ sọ fún mi, kí ni mo bà jẹ́ níbẹ̀?

Wọ́n ní a kì í fọwọ́ kan àlọ́. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mi ò gbà. Bí ìyá mi ṣe ń pa àlọ́ yìí, ọdẹ ló gba ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Àbúrò ìyá mi tó lọ sílé ọkọ ní Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀, ó ní àbúrò ọmọbìnrin náà ló gbà á. Orin wọn ò tiẹ̀ jọra. Èwo ni ká wá pè ní ògidì?

Ẹ wo Amos Tutùọlá. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1920, kò sì kàwé púpọ̀. Ilé iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní 1952. Àlọ́ yìí gan-an wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí Tutùọlá ṣe? Ó díye lé ọkùnrin arẹwà náà, ó ní bó bá jẹ́ pé ọjà ni, yóò tó £2,000, ó kéré tán. Ó tún ní bí àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú ju bọ́ǹbù bá rí i nínú ìlú, wọn ò ní lè ju bọ́ǹbù síbẹ̀. Ṣé àwọn baba ńlá wa mọ bọ́ǹbù ni? Tutùọlá bá àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ohun tó wà láyé rẹ̀ ló mú wọ inú àlọ́, bí èmi náà ṣe mú jíìpù háyà wọ̀ ọ́.

Kí ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa ṣe fún un? Wọ́n bú u! Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú ti Nàìjíríà, wọ́n ní àlọ́ ìyá àgbà ló kàn ń kó jọ. Bẹ́ẹ̀ Dylan Thomas, akéwì ilẹ̀ Wales, ti yìn ín lọ́dún náà gan-an. Ní 1953, Raymond Queneau ti tú u sí èdè Faransé. Ní àwọn ọdún 1960, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé e padà wálé, ó fi Yorùbá ṣe é lórí ìtàgé. Àwọn tó bú u dà lónìí?

Ẹ má rò pé àwa nìkan ló ń jà sí i. Hans Christian Andersen, ará Denmark, kọ ìtàn ọmọbìnrin inú òkun kan fáwọn ọmọdé ní 1837. Ní 2021, Natasha Bowen, tí ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà àti ti Wales wà lára rẹ̀, mú ìtàn náà, ó fi Yemọja sí i, ó fi ọkọ̀ àwọn akónilẹ́rú sí i, ó pè é ní Skin of the Sea. Nígbà tí Disney sì fi Halle Bailey, ọmọ adúláwọ̀, ṣe ọmọ inú òkun náà nínú sinimá ti 2023, ariwo ta nílùú òyìnbó pé wọ́n ba ìtàn jẹ́. Bàbá onílé mi lẹ́gbẹ́ lókè òkun!

Ibì kan wà tí Bàbá ti jàre. Àwọn kan ń tún àlọ́ pa, wọ́n á yọ eegun rẹ̀ dà nù, kò ní ku nǹkan kan ju idán àti ìjà lọ. Ìyẹn ò dáa. Eegun àlọ́ tiwa yìí ni pé ohun tó bá pé jù lójú, ká béèrè ẹni tó ni ín. Ẹni tí kò bá ṣẹ́ eegun yẹn, kó dá aṣọ tó bá wù ú fún àlọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bí mi nínú jù lọ ni ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan. Ó ṣí ìwé mi wò, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, lọ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ayé òde òní ò ka Yorùbá mọ́." Kí la fún wọn tí wọn ò kà? Fágúnwà ti fi Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ hàn wá láti 1938 pé irú ọ̀rọ̀ inú àlọ́ lè di ìwé ńlá lédè wa. Adébóyè Babalọlá ṣe Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá ní 1973. Mélòó nínú wa ló ti ibi tí wọ́n dé tẹ̀ síwájú?

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, lè sọ ìtàn Cinderella láìkọsẹ̀. Mo ní, "Ààlọ́ o!" Ó ń wò mí. Kò mọ̀ pé "Ààlọ̀" ni wọ́n fi ń dáhùn. Ẹ̀bi ta ni? Tèmi ni, tiyín ni, ti ọ̀gá tó ní kí n lọ kọ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ni. Bó bá pẹ́ sí i, náírà la ó máa fi ra àlọ́ ìyá wa padà lọ́wọ́ ará Lọ́ńdọ̀nù.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, bí Bàbá ti bínú tó, ọmọ mi yìí ló bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ló kọ́kọ́ dá padà?" Bàbá ní, "Ẹsẹ̀ ni!" Ìyá onílé ní kò rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni. Iyàn bẹ̀rẹ̀, kálukú ń pa àlọ́ tirẹ̀. Iná dé, kò sẹ́ni tó dìde wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé kọ, ẹ mú gègé. Bí tèmi ò bá dùn mọ́ yín, ẹ kọ tiyín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá.