Ẹ̀dínwó Kọ́ Ni Owó Pọ́ọ́kú

Ìgbà ẹ̀dínwó ti tún dé lórí Steam, àwọn tó ń ṣe àkójọ "géèmù mẹ́wàá tí o gbọ́dọ̀ rà" sì ti tún gba ojú fóònù gbogbo wa kan. Wọ́n ti yọ ìdá 75 kúrò lórí eléyìí, wọ́n ti yọ ìdá 90 kúrò lórí tọ̀hún, sáré kó tó tán! Àwa bíi mélòó kan tí à ń kọ̀wé yìí, kóòdù là ń kọ jẹun, àárín Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò la sì ń gbé. A fẹ́ràn géèmù dé góńgó. Ìdí nìyẹn gan-an tí àwọn àkójọ yẹn fi ń bí wa nínú. Wọn ò parọ́ nípa géèmù. Àpò ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe ìṣirò, àwọn ọmọ wa níbí sì ń dà á kọ láìyọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Ẹ jẹ́ ká tún ìṣirò náà ṣe níbí. Géèmù ńlá tuntun lóde òní, $70 ni. Ká fi dọ́là kan sí ₦1,500 kí orí má baà fọ́ wa, ₦105,000 nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024, ₦70,000 ni. Ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ₦85,000. Òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń gba èyí tó kéré jù, tó bá kó gbogbo rẹ̀ lé géèmù kan lórí, á ṣì jẹ gbèsè ₦20,000. "Ṣebí ẹ̀dínwó ti wọ̀ ọ́!" Ó dáa. Kí CBN tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò tó ₦500 ní iye ti báǹkì. Ká pè é ní ₦470. Géèmù $70 kan náà, ₦32,900 ni lódidi nígbà yẹn, láìsí ẹ̀dínwó kankan. Lónìí, tí wọ́n bá yọ ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ̀ kúrò pátá, ₦35,000 ló máa kù. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń lu agogo fún wa lé lórí ò tíì dá wa padà síbi tí a wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí kò sí ẹ̀dínwó.

Ó dà bíi rélùwéè Blue Line. Okoko ni wọ́n yà á dé nínú àwòrán, Mile 2 ló dúró sí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Kì í sì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, bí wọ́n ṣe to ṣọ́ọ̀bù náà ni. Valve, ilé-iṣẹ́ tó ni Steam, máa ń jẹ́ kí ẹni tó ṣe géèmù dá iye lé e ní oríṣiríṣi owó. South Africa ní owó tirẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó Argentina àti ti Tọ́kì kúrò, wọn ò kàn da àwọn ará ibẹ̀ sínú iye Amẹ́ríkà. Wọ́n ya ẹgbẹ́ dọ́là sọ́tọ̀ fún wọn: ọ̀kan fún Látìn Amẹ́ríkà, ọ̀kan fún Tọ́kì, Íjíbítì, Mòrókò, Algeria àtàwọn aládùúgbò wọn, kí ẹni tó ń tajà lè fi iye tó mọ níwọ̀n síbẹ̀. Nàìjíríà ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Náírà ò sí níbẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ni ọmọ LASU wà pẹ̀lú ọmọ New York.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ká ní ẹnì kan ní Poland káàánú wa, tó fẹ́ ta géèmù rẹ̀ ní ìdajì fún Nàìjíríà nìkan, kò sí ojú ibi tó máa tẹ nọ́ńbà náà sí. Àwa tí à ń kọ irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìlà kan ló kù kí wọ́n fi kún un. Lóòótọ́, owó orí àti wàhálà báǹkì wà nídìí ẹ̀, kì í ṣe kóòdù nìkan. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n rí ṣe fún Íjíbítì, kí ló dé tí kò ṣeé ṣe fún orílẹ̀-èdè tí èrò pọ̀ sí jù ní Áfíríkà?

Ti Sony tún le ju ìyẹn lọ. PlayStation Store ò ṣí fún Nàìjíríà rárá. Ọ̀pọ̀ PS4 àti PS5 tí ẹ ń rí láti Volks títí dé Okoko, àkáǹtì tó ń pe ara rẹ̀ ní ará Amẹ́ríkà tàbí ará London ló wà lórí ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Sony ní kí gbogbo ẹni tó ń gbá Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà lọ so ó mọ́ àkáǹtì PSN. Bí wọ́n ṣe yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ Steam ní orílẹ̀-èdè 177 nìyẹn, àwọn ibi tí PSN ò dé. Àwa náà wà lára wọn. Àwọn tó ti rà á pariwo káàkiri ayé, Sony sì yí ohùn padà lórí ọ̀rọ̀ àkáǹtì náà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i bó ṣe rọrùn tó láti pa orúkọ wa rẹ́ nínú ọjà.

Ká tiẹ̀ ní owó wà. Ọ̀nà wo lo máa gbà san án? Ní ọdún 2022, báǹkì tó ni káàdì wa kọ́kọ́ sọ pé $20 péré la lè ná sókè òkun lóṣù. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Géèmù $70 pẹ̀lú $20 lóṣù, oṣù mẹ́rin nìyẹn, bí ẹni ń dá àjọ. Gbogbo wa wá sá lọ sórí káàdì dọ́là inú fóònù: wọ́n á gba owó kí o tó ṣí i, wọ́n á gba owó kí o tó rówó kó sínú ẹ̀. Àwọn báǹkì kan ti ń ṣílẹ̀kùn padà láti ọdún 2025. A dúpẹ́, àmọ́ dọ́là ò tíì padà síbi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi òṣùwọ̀n tiwa ra géèmù. Ohun tí àkójọ òyìnbó ń bèèrè ni pé ìdá mélòó ni wọ́n yọ. Ohun tó yẹ káwa máa bèèrè ni pé: ṣé ó máa ṣiṣẹ́ lórí láptọ̀ọ̀pù tòkunbọ̀ tí mo rà ní Alaba, èyí tí ọ́fíìsì kan ti lò gbó nílùú òyìnbó, tí kò ní graphics card? Dátà mélòó ló máa jẹ? Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ṣé ó máa ṣí? Èèyàn mélòó ló lè jókòó tì í?

Ọ̀rọ̀ dátà yìí, àwọn àkójọ kì í dárúkọ ẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni owó kejì tí o máa san. EA Sports FC 25 ń bèèrè àyè 100 GB lórí kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó ìdá 50 kún owó wọn. Kò sí ẹ̀dínwó ọdún lórí ìyẹn. Owó tí o fi gbé géèmù wọlé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí o fi rà á, o ò tíì ka epo jẹnẹrétọ̀ tí o máa sun tì í di òru. Stardew Valley ńkọ́? 500 MB ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tí ẹ bá jókòó gbọ́ wákàtí kan orin lórí YouTube tàwòrán-tàwòrán, ẹ lè ti ná tó bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀lù lẹ fẹ́ bi wá, a mọ̀. Ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún onísọ́ọ̀bù. Ẹ lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà ní Ìyànà Ìbà àti ẹ̀yìn LASU: tẹlifíṣàn méjì, bẹ́ǹṣì, jẹnẹrétọ̀ níta, ẹni tó bá pàdánù á dìde. Onísọ́ọ̀bù ra ẹyọ kan, ogójì èèyàn ń san owó gbígbá. Ìṣirò $70 bá tiẹ̀ mu. Ìwọ tí o fẹ́ dá a rà, kí o dá a gbá nínú yàrá, tí òmíràn á tún jáde ní oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀ láti sọ tìrẹ di àlòkù, kí lo rí rà? Ayò ọlọ́pọ́n náà, ta ló ń dá a ta? Àwọn tó dúró lẹ́yìn yín, tí wọ́n ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń ki ọ̀ta, àwọn gan-an ni ìdajì adùn ẹ̀. Wọn ò sì sí nínú 100 GB yẹn.

Owó tìrẹ, ohun tí o máa mú wálé ni kí o fi rà. Ẹ jẹ́ ká padà sórí Stardew Valley. Ọkùnrin kan ṣoṣo, Eric Barone, ló ṣe é, àtorin àtàwòrán àti kóòdù. $15 ló gbé e jáde ní oṣù kejì ọdún 2016, $15 náà ló ṣì ń tà á, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ohun tuntun kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá já a sí ìdajì, ₦11,250 nìyẹn. Oko lo máa dá níbẹ̀. Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín: bàbá mi sá kúrò lóko wá sí Èkó, èmi á tún wá fi dọ́là ra oko? Rà á jàre. Tí pádì bá wà nílẹ̀, ìwọ àti àbúrò rẹ lè pín ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Vampire Survivors, $5 ni kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ géèmù tó dára jù lọ ti BAFTA ní ọdún 2023, tí Elden Ring àti God of War Ragnarök sì wà nínú ìdíje kan náà. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù, tọ́ ọ wò níbẹ̀ kí o tó náwó.

Èyí tí a fẹ́ràn jù ni Papers, Please tí Lucas Pope gbé jáde ní ọdún 2013. 100 MB péré. Òṣìṣẹ́ ibodè ni ọ́ níbẹ̀, ìwọ lo máa wo ìwé ìrìnnà àwọn èèyàn tó tò síwájú rẹ, ìwọ lo máa lù wọ́n ní òǹtẹ̀ tàbí kí o dá wọn padà. Tí o bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á gé owó rẹ, ebi á pa àwọn ará ilé rẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tò rí ní Walter Carrington láti gba físà Amẹ́ríkà, kó lọ jókòó sí òdìkejì gíláàsì náà fún ọjọ́ méjì. $10 ni láìsí ẹ̀dínwó. A ò mọ fíìmù tí ₦15,000 lè rà tó máa dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ti Áfíríkà ńkọ́? Aurion: Legacy of the Kori-Odan, tí Kiro'o Games ní Yaoundé, Cameroon, gbé sórí Steam ní ọdún 2016. Ìjà inú ẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ rà á síbẹ̀ tí owó ẹ̀ bá já. Tales of Kenzera: Zau, tí Abubakar Salim fi ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ó wọ̀ wá lákínyẹmí ara, ṣùgbọ́n ká má tan ara wa: láptọ̀ọ̀pù tí kò ní graphics card á sunkún ju ẹni tó ń gbá a lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a ti ń gbọ́ látẹ̀yìn: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ariwo kí lẹ ń pa? Ṣé kò sí Alaba ni? Ẹ dáńlóòdù èyí tí wọ́n ti já." A ò ní wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ní ayé PS2, Alaba ni ṣọ́ọ̀bù, kò sí òmíràn. Díìsì bọ́ọ̀lù Konami tí à ń rà níbẹ̀, ẹnì kan tí Konami ò mọ̀ rí ti kó agbábọ́ọ̀lù sáà tuntun sínú ẹ̀ ká tó gbé e délé. Kò sẹ́ni tó ta ọjà fún wa, a ta á fúnra wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọ kóòdù lónìí, ara díìsì yẹn la ti kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè ṣí inú géèmù, kó tún un ṣe.

Àmọ́ láptọ̀ọ̀pù tí o fẹ́ kó èyí tí wọ́n já sí, ṣé orí ẹ̀ náà kọ́ ni iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ wà, àti ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì rẹ? Ẹni tó já a, kí lo rò pé ó fi ń jẹun? Èyí tó tún dùn wá jù ni pé Maliyo Games ti ń ṣe géèmù l'Ékòó láti ọdún 2012; àwọn ni wọ́n ṣe Disney Iwájú: Rising Chef ní ọdún 2024. Àwọn àbúrò tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní LASU fẹ́ ṣe irú ẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe é tán, ta ló máa rà á, tí sísan owó géèmù bá jẹ́ ìwà ọ̀dẹ̀ lójú gbogbo wa? Valve ò sì ní fi náírà sórí àtẹ fún àwọn tí kò hàn nínú ìwé owó wọn. Owó kékeré lórí géèmù kékeré, láti orí àkáǹtì tó jẹ́wọ́ pé Nàìjíríà lòun wà, ìyẹn lohun tó máa hàn.

Tí ohun tí o fẹ́ bá wà lórí GOG, ibẹ̀ ni kí o ti rà á. Wọ́n á fún ọ ní fáìlì tí o lè kó pamọ́ sórí flash, tí o lè tún gbé sórí kọ̀ǹpútà láìsí dátà. Stardew wà níbẹ̀, Papers, Please wà níbẹ̀. Steam fúnra ẹ̀ ti ń kọ ọ́ síbi ìsanwó báyìí pé ìwé àṣẹ lo rà, kì í ṣe géèmù. Ẹ bi àwọn tó ra The Crew láti ọdún 2014: ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, Ubisoft pa ẹ̀rọ tó ń gbé e ró, géèmù náà ò sì ṣí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sanwó.

Ẹ má sì jẹ́ kí aago tó ń sáré lórí ojú-ewé yẹn kó yín láyà jẹ. Tí ti oṣù kejìlá bá kọjá, ti ìparí oṣù kẹfà ń bọ̀, iye kan náà ló sábà máa ń jẹ́. Tí ẹ bá ti rà á lórí Steam tí kò ṣiṣẹ́ lórí láptọ̀ọ̀pù yín, ẹ dá a padà: ẹ ò gbọdọ̀ tíì gbá a tó wákàtí 2, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ tí ẹ rà á. Ẹ ní kí wọ́n dá owó náà sínú àpò Steam yín, kì í ṣe sórí káàdì, kí ẹ má baà tún san owó ìkówósí lẹ́ẹ̀kejì.