Eruku Ara Mọ́tò Ìṣeré Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà tàbí ti inú rírun. Ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé ni, ó sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé inú ilé tèmi gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ṣùgbọ́n èmi àgbà ni mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara mi, tí mo ń fi ọwọ́ ara mi fún ọmọ-ọmọ mi ní májèlé, tí n kò sì mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1962, nígbà tí bàbá mi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú Òyìnbó tí ó ń bọ̀ wá sílé, ó gbé mọ́tò ọmọdé kan bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Kì í ṣe irú èyí tí a fi ike ṣe tí ẹ ń rí lọ́jà lónìí. Irin gidi ni. Ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Ọmọ yóò jókòó sínú rẹ̀, yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yóò sì máa lọ. Ó ní iná méjì níwájú tí ń tàn, ó ní fèrè, ó ní táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Bí ẹ bá ṣí iwájú rẹ̀ sókè, ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì ẹ̀tàn níbẹ̀. Austin J40 ni orúkọ rẹ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi gùn ún títí a fi dàgbà jù ú lọ, kò sì sí ọmọ kan ní àdúgbò wa ní Òkè-Àdó nígbà náà tí kò bá wa tì í rí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ àwọn tí ó ṣe mọ́tò náà, nítorí pé ìtàn wọn wọ inú ọ̀rọ̀ ìlera tí mo fẹ́ sọ. Ní Bargoed, ní ilẹ̀ Wales, iṣẹ́ wíwa èédú lábẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin, bí ó ti rí ní Ẹnúgù wa níhìn-ín nígbà kan. Eruku èédú tí wọ́n ń fà símú lójoojúmọ́ ti ba ẹ̀dọ̀fóóró púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Àwọn dókítà ń pe àrùn náà ní pneumoconiosis. Ohun tí ó ń ṣe ni pé eruku á jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóóró, ẹ̀dọ̀fóóró á le, èémí á máa kúrú. Kò sí oògùn tí ń fọ̀ ọ́ kúrò. Nítorí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀, tí abẹ́ ilẹ̀ kò gbà mọ́, ni ilé iṣẹ́ Austin ṣe ṣí ilé iṣẹ́ kan ní Bargoed ní ọdún 1949, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ tí agbára wọn ká. Àjákù páànù irin tí ó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò àwọn àgbà ní Longbridge ni wọ́n fi ń ṣe ti àwọn ọmọdé. Wọ́n ṣe èyí tí ó lé ní 32,000 kí wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 1971.

Ní ọdún tí ó kọjá, a palẹ̀ yàrá ìkẹ́rùsí bàbá wa mọ́, a sì bá mọ́tò náà lábẹ́ àwọn àpótí. Ó ti dípẹtà. Ẹsẹ̀ méjì kò sí mọ́, iná kan ti fọ́, eku ti jẹ àga rẹ̀ tán. Ẹni tí ń ra ìjákù irin ti gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní n kò tà. Mo ní n ó tún un ṣe fún ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí kò mọ eré kan ju kí ó máa tẹjú mọ́ fóònù ìyá rẹ̀ lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àlòkù jọ. Mo rí ẹsẹ̀ méjì lára bárò kékeré kan tí wọ́n ti pa tì. Mo yọ pẹ́dà lára kẹ̀kẹ́ tí kò wúlò mọ́. Irin ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni wẹ́dà gé tí ó fi ṣe ọ̀pá tí ń yí ẹsẹ̀ iwájú. Ní Ládípọ̀, mo rí iná alùpùpù kan tí ó bá ojú ihò iná rẹ̀ mu bí ẹni pé a wọ̀n ọ́n. Inú mi dùn dé ibi pé mo ń lá àlá mọ́tò náà lóru.

Ó wá ku ọ̀dà. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo mú sáńpépà, mo sì ń ha ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku pupa ń fò, ó ń balẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń fi ìka ya àwòrán sínú eruku náà, ó sì ń fi ọwọ́ kan náà jẹ àkàrà. Èmi ń wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín.

Bí Ọlọ́run ti fẹ́ kó rí, ìyá kan ní àdúgbò wa, tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yà wá kí wa. Kò tíì jókòó tí ó fi kígbe.

"Bàbá Títí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná! Ó ti tó ọdún mélòó tí wọ́n ti ṣe nǹkan yìí?"

Mo ní, "Ìyá, ó lé ní ọgọ́ta ọdún."

Ó ní, "Ẹ sì ń ha ọ̀dà rẹ̀ lójú ọmọ? Ṣé ẹ kò mọ̀ pé òjé wọ́pọ̀ nínú ọ̀dà ayé ìgbà náà ni? Ẹ gbé ọmọ yìí kúrò ńbẹ̀, kí wọ́n fọ ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ mú un lọ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

A ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí èsì àyẹ̀wò náà tó dé, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Òjé tí wọ́n rí jẹ́ máíkírógíráàmù 7 nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ó bá ti tó 5, ó di dandan kí a wá ibi tí ó ti ń wá kí a sì dí i. Wọ́n tún sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo wa mọ òjé. Òun ni àwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n kí ó lè rì. Òun ni àwọn olórìṣà ń fi sọ́wọ́. Ẹ ti gbọ́ òwe tí ó ní, wọ́n ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òjé ṣe ń ṣe nínú ara ènìyàn. Ara kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èròjà tí ń mú egungun le, nítorí náà á kó o lọ sínú egungun, ibẹ̀ ni yóò sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin tí ó ní in nínú egungun bá lóyún, ó lè ti ibẹ̀ dé ara ọmọ inú rẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bà jẹ́ jù. Òjé tí ó bá gba ẹnu wọlé, ara ọmọ kékeré lè fà á tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ohun tí ara àgbà ń fà. Ọmọ náà lè má ṣàìsàn kankan tí ẹ ó fojú rí. Ẹ ó kàn rí i pé ẹ̀kọ́ kò wọ̀ ọ́ lórí, kò lè jókòó jẹ́ẹ́, inú ń bí i láìnídìí. Àwọn ènìyàn á ní olórí kunkun ni. Bí ó bá pọ̀ gan-an, ó ń pani. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ọmọ tí ó lé ní 400 ni ó kú nígbà tí wọ́n ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé, tí eruku òjé inú òkúta náà sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Kí èmi tó bẹ̀rẹ̀ ìhà tí mo ń ha nílé, mo ti gbé iwájú mọ́tò náà fún akunlé-mọ́tò kan létí títì. Nígbà tí mo sáré dé ibẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún, ni mo bá tí ó ń fi sáńpépà gbígbẹ ha á. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni ó so mọ́ imú. Ojú rẹ̀ pupa bí ẹni tí ó fi osùn kùn ún. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, mo mú òun náà lọ fún àyẹ̀wò. Tirẹ̀ jẹ́ 12. Ọmọ tèmi rí nọ́ọ̀sì tí ó kígbe fún un. Ta ni ì bá kígbe fún ti ìyá onítìyá?

Àwọn kan nínú ẹbí mi ní kí n ju irin náà nù. Èmi kò gbà, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Bí a bá jù ú sí ààtàn tàbí tí a tà á fún oníjàákù irin, òjé rẹ̀ kò kú. Ẹlòmíràn ni yóò gé e, ẹlòmíràn ni yóò fi iná sun ún, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò sì fà á símú. Èkejì, ó dára kí ọmọ rí ohun tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ títí òógùn yóò fi bọ̀ ọ́, ju kí ó jókòó kalẹ̀ sí ìdí fóònù lọ. Lójú tèmi, títún ohun àtijọ́ ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé a ń náwó sórí ọ̀dà titun tí ń dán, a kò sì fẹ́ ná kọ́bọ̀ sórí eruku ọ̀dà àtijọ́. Ẹni tí ó bá gbé irú iṣẹ́ yìí lọ fún oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó yẹ kí ó ra ìbòmú fún ọmọ iṣẹ́. Kí ó kà á mọ́ owó iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé, ìbáà ṣe mọ́tò, ẹṣin onígi, tàbí bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí.

Èkíní, ẹ má fi ojú lásán sọ pé òjé kò sí nínú ọ̀dà àtijọ́. Ẹ ṣe é bí ẹni pé ó wà níbẹ̀.

Èkejì, ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì fi iná sun ún. Sáńpépà tí a ń lò pẹ̀lú omi ni kí ẹ lò, kí ara irin náà máa tutù títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ fẹ́ yanrìn lù ú láìní ààbò, nítorí pé eruku yanrìn náà ń ba ẹ̀dọ̀fóóró jẹ́ bí ti èédú.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe é níbi tí ó jìnnà sí ilé ìdáná àti ibi tí ọmọdé ń ṣeré. Kí aboyún má ṣe súnmọ́ ọn. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ kí ó gba gbogbo ohun tí ń já bọ́. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ di ìdọ̀tí náà sínú ọ̀rá méjì, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sí ìdí ẹ̀fọ́.

Ẹ̀kẹrin, ìbòmú gidi tí a ṣe fún eruku kíkúnná ni kí ẹ lò. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó. Ẹ fọ ọwọ́ àti ojú kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì fọ aṣọ iṣẹ́ náà lọ́tọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí ọmọ bá ti kó sínú rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ lọ ṣe. Kò sí àgbo tàbí oògùn ìyàgbẹ́ tí ń fa òjé jáde. Oògùn rẹ̀ wà fún ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ gan-an, ilé ìwòsàn sì ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹ má jẹ́ kí ebi máa pa ọmọ. Ẹ máa fún un ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹyin, wàrà, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun, nítorí pé ara tí ó ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í fa òjé tó ara tí kò ní in.

Ó gbà wá ní oṣù mẹ́rin kí a tó parí iṣẹ́ náà. A fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí a tún gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọmọ mi wò, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí 4. Ti ọmọ iṣẹ́ náà ti di 8, dókítà sì ní kí ó máa padà wá. Ọ̀dà tí a kọ sára agolo rẹ̀ pé kò ní òjé ni a fi kun mọ́tò náà. Ọmọ iṣẹ́ náà ni ó kùn ún, pẹ̀lú ìbòmú lójú rẹ̀, ó sì mọ ọwọ́ ọ̀dà kíkùn ju ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ tí ọmọ-ọmọ mi kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ó tẹ fèrè títí gbogbo ilé fi bẹ̀ ẹ́. Mo rántí bàbá mi. Mo sì rántí àwọn ọkùnrin Bargoed, tí eruku ti gba èémí wọn kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan mọ́tò náà. Ohun tí wọ́n ṣe kí ọmọdé lè máa rẹ́rìn-ín, kò yẹ kí àìmọ̀ tiwa sọ ọ́ di eruku mìíràn nínú ẹ̀dọ̀fóóró ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí omi ṣáájú sáńpépà. Ó dìgbà kan ná.