Jet-ski lórí ọ̀sà wa: ta ni yóò fa ìlà sórí omi?

Ọ̀rọ̀ tòní lè jọ ọ̀rọ̀ olówó lójú ẹlòmíì. Jet-ski ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, mótò orí omi tí wọ́n ń háyà fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 30, kí ènìyàn fi rìn létí òkun, kó wòran, kó ya fọ́tò, kó padà. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú yín kò tíì gun ún rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín tó wà ní Cotonou àti ní Lomé ti mọ̀ ọ́n. Nígbà ọdún Àjíǹde, nígbà ìsinmi ilé-ìwé, àti ní oṣù kìíní tí èrò ń wọ́ lọ sí Ouidah fún Vodun Days, etí omi ni wọ́n ń kó ara wọn lọ. Ọmọ tó dàgbà sí ẹ̀bá oko, tí odò tó mọ̀ kò ju èyí tó ń dé orókùn lọ, òun náà ló fẹ́ gun ẹ̀rọ tó lè sá ju kìlómítà 80 lọ ní wákàtí kan.

Láti 2016 ni ìjọba Bénin ti fi ìrìn-àjò afẹ́ ṣe ọ̀kan pàtàkì nínú ètò rẹ̀. Wọ́n ṣe Route des Pêches tó gba etí òkun láti Cotonou lọ sí apá Ouidah, wọ́n dáwọ́ lé ibùdó ìgbafẹ́ ní Avlékété, wọ́n ń tún Ganvié ṣe. A ò ta kò ó. Ibi tí àlejò bá ń lọ, ìyá tó ń ta ẹja díndín níbẹ̀ á rí tà. Ohun tí a ń wò ni pé nígbà tí ọ̀nà bá dé etí omi, ohun ìṣeré náà á tẹ̀ lé e, jet-ski sì wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ dé, torí kò gba ilẹ̀, kò gba ilé. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀rọ méjì àti tálà tó fi ń fà wọ́n, ó ti ní ilé-iṣẹ́. Òfin ló máa ń pẹ́ kó tó dé.

Kí a tó sọ ti ilé wa, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mòrókò. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2023, àwọn ọkùnrin kan tó wá lo ìsinmi gun jet-ski kúrò ní Saïdia, ìlú etí òkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Àljéríà. Ilẹ̀ ṣú bá wọn, ọ̀nà dàrú mọ́ wọn lójú, epo sì ń tán. Wọ́n bọ́ sínú omi Àljéríà. Àwọn sójà ojú omi yìnbọn. Èèyàn méjì kú, wọ́n mú ẹnì kan lọ sí àtìmọ́lé. Ìjọba Àljéríà ní àwọn ti kìlọ̀ pé kí wọ́n dúró, wọn ò dúró. Ẹnì kan tó yè nínú wọn ní ọ̀nà ló sọnù mọ́ àwọn lọ́wọ́, àwọn ò wá jà. A ò ní dá ẹjọ́ náà níbí. Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ ni pé láti 1994 ni ààlà ilẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ti wà ní títì. Lórí ilẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ á rí ọlọ́pàá, á rí ìdènà, á mọ̀ pé òun ti dé ẹnu ibodè. Lórí omi, kò rí nǹkan kan. Omi kan náà ni níwájú àti lẹ́yìn.

Ẹ wá wo ti Àjàṣẹ́. Ọ̀sà wa kò parí sí Àjàṣẹ́. Ó ń bá a lọ síhà ìlà-oòrùn, ó dé Àgbádárìgì, ó dé Èkó. Àwọn bàbá wa ti ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ná ọjà lórí rẹ̀ kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó fa ààlà kankan. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mọ ibi tí ó dé, torí ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń kí èèyàn, wọ́n ń kí i. Ọmọ orí jet-ski kò kí ẹnikẹ́ni. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti kọjá abúlé mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ irú ojú tí wọ́n fi ń wo ọkọ̀ kékeré tó ń sáré ní apá ibẹ̀ yẹn. Ọ̀nà kpayo ni. Ní òde òkun, láti 2011 ni ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà àti ti Bénin ti jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ omi nítorí àwọn ajalèlókun. Sójà tí wọ́n rán pé kó máa wá ọkọ̀ kékeré tó ń sáré, ṣé ó máa bi ọkọ̀ náà bóyá ìgbafẹ́ ló wá? Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè ní oṣù kẹjọ 2019, ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó ṣí Sèmè padà ní oṣù kejìlá 2020. Inú irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ojú omi máa ń di ọ̀rọ̀ ńlá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀, àwọn tó ń háyà rẹ̀ kì í sì í sábà ṣàlàyé. Jet-ski kò ní abẹ̀bẹ̀ tó yọ síta bíi ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja. Ó ń fa omi láti abẹ́, ó ń tu omi náà sẹ́yìn tagbáratagbára, ìtújáde yẹn ló ń tì í lọ. Ìtújáde yẹn kan náà ló fi ń yí. Tí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀ sí ọ̀tún, ẹnu tó ń tu omi ló yí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá jọ̀wọ́ epo, omi kò tú mọ́, ẹ̀rọ kò sì gbọ́ràn mọ́. Ibi tó kọjú sí ló máa lọ.

Ọmọ Kétu tó ti ń gun mótò láti kékeré, ìwà tó wà lára rẹ̀ ni pé bí ewu bá yọ níwájú, kó jọ̀wọ́ epo, kó tẹ búréèkì, kó yà. Lórí títì, ìyẹn á gbà á là. Lórí jet-ski, jíjọ̀wọ́ epo yẹn gan-an ló máa gbé e lọ lu ohun tó ń sá fún. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà ò sì ní búréèkì rárá. Ẹni tó bá mọ mótò wà dáadáa ló tún máa ń ní ìdánilójú jù, nítorí náà òun ló wà nínú ewu jù. Tí ẹnikẹ́ni bá ní "ó rọrùn, ó dà bíi mótò", ẹ dá a lóhùn pé rárá o.

Ó tún ku ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Bó bá já bọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ nígbà tó ń sáré, ìtújáde omi náà lè ṣe é léṣe gidigidi ní ìsàlẹ̀ ara. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ ṣòkòtò tó nípọn, tó fún mọ́ ara, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bó ṣe yẹ. Ọmọdébìnrin tó ró ìró kúkúrú sí ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè ya fídíò, ta ló sọ ìyẹn fún un?

Wàyí o, omi tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀, kì í ṣe omi òfìfo. Lórí Nokoué, ìyá tó ń bọ̀ láti Ganvié pẹ̀lú ọjà rẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló fi ń rìn. Ètí ọkọ̀ náà kò ga ju omi lọ púpọ̀ nígbà tí ẹrù bá kún inú rẹ̀. Ìgbì kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́ ti tó. Àwọ̀n apẹja kò hàn lókè omi, igi tí wọ́n so ó mọ́ nìkan ló yọrí, ẹni tó ń sáré kò rí i. Jet-ski tó bá gba orí àwọ̀n kọjá á ya á, okùn àwọ̀n náà á sì wọ inú ẹ̀rọ, á pa á sí àárín omi. Bákan náà ni koríko orí omi tí Faransé ń pè ní jacinthe d'eau. Nígbà tí Ouémé bá kún, láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, tí omi ọ̀sà kò ní iyọ̀ mọ́, koríko yìí á bo ojú omi. Ẹ̀rọ tó ń fa omi láti abẹ́, koríko náà ló máa fà mu.

Ẹni tó ya àwọ̀n ti san owó ìṣẹ́jú 30, ó ti lọ. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ti gba owó rẹ̀. Apẹja ló kù tó jókòó tó ń di àwọ̀n, kò fọwọ́ sí ìwé kankan, kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Lójú tiwa, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Owó ń lọ sí ọwọ́ ẹni tó ń gbé ní Cotonou, àdánù ń wá sí ọwọ́ ẹni tó ń gbé létí omi. Ẹ fi wé àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mú àlejò lọ wo Bouche du Roy ní Grand-Popo, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun. Àwọn wọ̀nyẹn mọ ibi tí ìjàpá òkun ń yé sí, wọ́n mọ ibi tí kò yẹ kí wọ́n pariwo. Owó tí wọ́n bá gbà, abúlé ló ń ná an. Agbègbè Mono yìí, ti Bénin àti ti Togo, UNESCO ti kà á mọ́ àwọn ibi tó yẹ ní títọ́jú láti 2017. Ariwo jet-ski kò bá ibẹ̀ mu rárá, a kì í pẹ́ ẹ sọ.

Ṣé kí wọ́n wá máa gùn ún lórí òkun ni? Etí òkun wa kì í ṣe ti fíìmù. Ìgbì tí Faransé ń pè ní barre ń fọ́ létí ibẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Nítorí rẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá kò fi lè dé bèbè láyé àtijọ́, tí wọ́n fi kọ́ wharf sínú òkun ní Cotonou ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kó tó di pé wọ́n ṣí èbúté ní 1965. Omi tó ń padà lábẹ́ ìgbì yẹn ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ lọ, lọ́pọ̀ ìgbà sì ni aláṣẹ ti fòfin de wíwẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá já bọ́ láti orí jet-ski nínú barre, òmùwẹ̀ ni tàbí kì í ṣe òmùwẹ̀, wàhálà dé. Adágún Togo, ní apá Agbodrafo àti Togoville, rọlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn ará Togoville náà ń kọjá níbẹ̀.

Ní Fáránsì, tí àwọn aláṣẹ wa fẹ́ràn láti máa kọ́ òfin lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ dá wa jet-ski gbọ́dọ̀ ní permis ti ojú omi, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọmọ ọdún 16. Ẹni tí kò ní permis lè háyà rẹ̀ o, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ìjọba mọ̀ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Láti bèbè títí dé mítà 300, kò gbọ́dọ̀ sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 9 ní wákàtí kan. Ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà jáde wà lọ́tọ̀, wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù aláwọ̀ yẹ́lò tó léfòó sàmì sí i. Kò sí idán nínú èyí. Mairie tó ń gba owó pátákò lọ́wọ́ ìyá aláta láràárọ̀ lè ra bọ́ọ̀lù àti okùn. Ó lè sọ pé kí gbogbo ẹ̀rọ ní nọ́ńbà gàdàgbà lára, kí apẹja tí wọ́n ya àwọ̀n rẹ̀ lè rí nǹkan kà fún ọlọ́pàá. Ó sì gbọ́dọ̀ pe àwọn olórí apẹja jókòó kó tó fa ìlà, torí àwọn ló mọ ibi tí àwọ̀n ń wà ní oṣù wo.

Títí ìyẹn á fi dé, ẹ̀yin òbí, ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọ mọ́tò. Kí ó kọ́kọ́ gba gilet kó tó sanwó, kó wọ̀ ọ́, kó dì í, kó wò ó bóyá ó gba ara òun. Gilet tó tú sílẹ̀ á bọ́ gba orí. Kí ó béèrè okùn tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí èèyàn bá já bọ́. Bí okùn náà kò bá sí, kó máa bọ̀ nílé. Kí ó béèrè ẹni tó máa tẹ̀ lé òun lórí omi, àti ẹni tó máa san owó bí nǹkan bá bàjẹ́, kó sì gbà á sínú ìwé, kó má ṣe fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ṣe ìdógò. Ti epo, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń pín in sí mẹ́ta, ìdá kan àlọ, ìdá kan àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí a ò mọ̀. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí kpayo gbówó lórí, ẹni tó ń háyà lè fẹ́ bu epo díẹ̀ sí i. Kí ọmọ wo ìwọ̀n epo náà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ sí Grand-Popo, Ouidah tàbí etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ bá wa wò ó bóyá àmì kankan wà lórí omi níbi tí jet-ski ti ń jáde, bóyá nọ́ńbà wà lára ẹ̀rọ, bóyá àwọn apẹja mọ ẹni tí wọ́n lè lọ bá. Ẹ fi ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí wa. A máa gbé e lọ béèrè ní mairie.