ÀDÚRÀ KÌ Í SỌ AYÉDÈRÚ OÒGÙN DI OJÚLÓWÓ

Ọ̀rọ̀ òní máa dun àwọn kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin.

Oògùn tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp àwọn ìjọ wa ti pọ̀ jù. Antibiotic, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, insulin, wọ́n á kàn gbé fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀ pé owó rẹ̀ wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rà á, wọ́n á ní, "Ẹ gbàdúrà sí i kẹ́ ẹ lò ó. Ṣé ẹ ò rántí Máàkù 16:18 ni?"

Mo rántí ẹ̀. Mo sì tún rántí Mátíù 4. Sátánì náà tọ́ka sí Ìwé Mímọ́ nígbà tó ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀ látorí tẹ́ńpìlì. Jésù kọ̀! Kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohun tí kò mọ orísun rẹ̀ mì, ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ó ń dán Ọlọ́run wò ni.

Àwọn míì á ní, "Pásítọ̀, ó ní nọ́ńbà NAFDAC." Ẹ gbọ́ o: oògùn ni nọ́ńbà NAFDAC ń sọ nípa rẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń tà á. PCN, àjọ tó ń bójú tó àwọn apòògùn, ló ń fún fámásì níwèé àṣẹ, títí kan èyí tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojúlówó insulin gan-an, inú fíríìjì ló yẹ kó wà kẹ́ ẹ tó ṣí i. Tí ọlọ́kadà bá gbé e kiri nínú oòrùn, nọ́ńbà ara páálí ò lè gbà á là.

Ṣé ẹ rántí My Pikin ní 2008, oògùn eyín ọmọdé? Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ló ṣe é, àmọ́ ọwọ́ ẹni tí kò níwèé àṣẹ ni wọ́n ti ra èròjà kan tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ó lé ní 80 ọmọ tó kú.

Mo mọ̀ pé oògùn ti gbówó lórí. Ẹ bi apòògùn bóyá irú rẹ̀ kan náà wà tí owó rẹ̀ kéré. Tí ọwọ́ ò bá tún ká a, ẹ sọ fún ìjọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra oògùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì:
1. Ẹ rí i pé fámásì náà níwèé àṣẹ PCN, àdírẹ́sì gidi, àti apòògùn tẹ́ ẹ lè bá sọ̀rọ̀.
2. Tí wọ́n bá fẹ́ ta oògùn tó yẹ kí dókítà kọ fún yín láì béèrè ìwé dókítà, ẹ sá!
3. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú Greenbook ti NAFDAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ibi tí wọ́n ń ha bá wà lára páálí, ẹ ha á, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí 38353.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, mo nífẹ̀ẹ́ yín, àmọ́ ẹ gbé ọjà yín kúrò nínú ilé Ọlọ́run. Òfin Nàìjíríà ò gbà kí wọ́n máa kiri oògùn lọ́jà àti nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ má fi orúkọ Jésù bo irú ẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí WhatsApp.

Olúwa á fún wa ní ìlera tòótọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo group ìjọ tẹ́ ẹ wà.