Ẹ̀sìn Lẹ́nu, Ẹrú Nílé

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gbé e mì láìyẹ̀ ẹ́ wò. Èrò náà ni pé ìwé tí àwọn Puritan kọ ní New England kún fún ìwà rere nítorí pé ó kún fún orúkọ Ọlọ́run. N kò fara mọ́ ọn. Àwọn baba wa ní ìwà lẹ̀sìn. Wọn kò sọ pé ẹ̀sìn nìwà.

Ní ọdún 1637, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun abúlé àwọn Pequot ní Mystic, nílẹ̀ tí a ń pè ní Connecticut lónìí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó ṣègbé, tobìnrin tọmọdé. William Bradford, gómìnà Plymouth, tí a máa ń yìn fún ìrẹ̀lẹ̀ tí ó wà nínú ìtàn tí ó kọ, gbà pé ìran náà bani lẹ́rù. Síbẹ̀ ó fi iná ọ̀hún wé ẹbọ, ó sì fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. John Underhill, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun náà, sọ nínú ìwé tirẹ̀ ní 1638 pé ìwé mímọ́ fàyè gba kí ọmọdé bá òbí rẹ̀ kú. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Àwáwí ni. Ṣebí Roger Williams bá wọn gbé ayé kan náà? Ó kọ́ èdè àwọn onílẹ̀, ó sì sọ fún àwọn ará Massachusetts pé ọba Gẹ̀ẹ́sì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ilẹ̀ onílẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e nílùú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹrú ni ó tú àṣírí wọn jù. Ní 1706, Cotton Mather, pásítọ̀ ní Boston, tẹ ìwé kékeré kan jáde láti rọ àwọn olówó ẹrú pé kí wọ́n kọ́ àwọn adúláwọ̀ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ó ní wọ́n ní ọkàn bíi tiwọn. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n kíá ni ó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé ìrìbọmi kò sọ ẹrú di òmìnira, àti pé ẹrú tí ó bá gbàgbọ́ yóò tilẹ̀ túbọ̀ sin olówó rẹ̀ dáadáa. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọ rẹ̀ ra ọkùnrin adúláwọ̀ kan fún un. Mather sọ ọ́ ní Onésímù. Orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ lásán: Onésímù ni ẹrú tí Pọ́ọ̀lù tìtorí rẹ̀ kọ̀wé sí Fílémónì, tí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbà á padà bí arákùnrin, kì í ṣe bí ẹrú mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú Bíbélì ni Mather. Ó mú orúkọ inú lẹ́tà náà, ó fi ẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Onésímù yìí ni ó ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń sín ènìyàn ní gbẹ́rẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà kí ṣànpọ̀nná má baà pa á, ìmọ̀ yìí ni wọ́n sì fi gba ẹ̀mí là ní Boston ní 1721, nígbà tí àrùn náà pa ènìyàn 844.

Bíbélì kan náà ni Samuel Sewall kà. Adájọ́ ni; ó wà lára àwọn tí ó dájọ́ ikú fún àwọn tí a pè ní àjẹ́ ní Salem ní 1692, ṣùgbọ́n ní 1697 ó dìde dúró láàrin ìjọ, pásítọ̀ sì ka ìwé ìrònúpìwàdà rẹ̀ sétí gbogbo ènìyàn. Ní 1700 ó tẹ The Selling of Joseph jáde, ojú-ewé mẹ́ta péré, láti fi bá òwò ẹrú jà. Àwọn kan ní oore ni a ṣe fún adúláwọ̀ tí a kó wá síbi tí ìhìnrere wà. Sewall ní a kì í ṣe ibi kí ire lè tibẹ̀ jáde. Wọ́n ní ojú ogun ni a ti kó wọn. Ó bi wọ́n pé bí àwọn ọlọ́lá Boston bá ṣe fàájì lọ pẹja, tí àwọn ará Hull sì kó wọn, tí wọ́n tà wọ́n fún ọkọ̀ òkun, ṣé wọn yóò gbà pé ẹ̀tọ́ ni? Àpèjúwe yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé àwọn Puritan. Kò fi iná ọ̀run dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí olówó ẹrú fi ara rẹ̀ sípò ẹrú. (Sewall náà ní àléébù tirẹ̀: kò gbà pé adúláwọ̀ lè di ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ láé.)

John Saffin, adájọ́ àti oníṣòwò, fèsì ní 1701. Bíbélì kún ẹnu òun náà: Ábúráhámù ra ẹrú, Ọlọ́run ni ó sì fi àwọn kan ṣe ọ̀gá, tí ó fi àwọn mìíràn ṣe ẹrú. Ó fi àwíjàre kan kún un nípa ẹrú rẹ̀ tí ń jẹ́ Adam. Saffin ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò dá Adam sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méje; nígbà tí ọdún pé, ó yẹ àdéhùn. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, kóòtù sì sọ Adam di òmìnira ní 1703.